Wọ́n Ní Kí Ìyá Mi Sinmi

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ìyá mi ṣubú lẹ́gbẹ̀ẹ́ kànga lẹ́yìnkùlé wa ní Ọ̀fà. A fi kẹ̀kẹ́ gbé e dé ọsibítù. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti ru débi pé nọ́ọ̀sì tún un wọ̀n, ó rò pé ẹ̀rọ ló ń purọ́. Dókítà fún un lóògùn, ó wá rọra sọ̀rọ̀ bíi pé ọmọdé ló ń bá wí: “Mummy, sítírẹ́ẹ̀sì yín ti pọ̀ jù. Ẹ dín in kù. Ẹ máa sinmi dáadáa. Bí ẹ ò bá ṣe bẹ́ẹ̀, ó lè di rọpárọsẹ̀ o.”

Ìyá mi ní, “Ó dáa, dókítà, ẹ ṣeun.” Ohùn kan náà ló fi ń dá gbogbo èèyàn lóhùn láti ìgbà tí mo ti mọ̀ ọ́n.

Inú bí mi níbẹ̀, mi ò sì tètè mọ ohun tó ń bí mi nínú. Ọ̀rọ̀ sítírẹ́ẹ̀sì tí dókítà sọ yẹn ni mo fi ń jẹun. Ilé ẹ̀kọ́ gíga ni mo ti ń ṣiṣẹ́, mo ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ nípa bí irin ṣe ń ru ẹrù. Nínú kíláàsì mi, sítírẹ́ẹ̀sì kò ní wàhálà kankan nínú: wo bí ẹrù tó wà lórí irin ṣe wúwo tó, wo bí irin náà ṣe nípọn tó, kí o pín ti àkọ́kọ́ sí ti ìkejì. A ní ẹ̀rọ kan tó ń fa ọ̀pá irin títí yóò fi já. Bó bá já, mi ò tíì rí akẹ́kọ̀ọ́ tó bú irin pé kò ní sùúrù. Ẹrù la máa ń wádìí. Ọ̀rẹ́ mi tó ń kọ́ni ní Gẹ̀ẹ́sì ní ọ́fíìsì kejì ní tirẹ̀ ń pe sítírẹ́ẹ̀sì ní ibi tí ó yẹ kí èèyàn ti tẹ ọ̀rọ̀ Òyìnbó, ó sì máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé ibi tí kò yẹ ni mo ń tẹ̀. Bí mo bá fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ níṣẹ́, wọ́n á ní mò ń fún àwọn ní sítírẹ́ẹ̀sì. Ó dára, kálukú àti èyí tó wù ú. Ṣùgbọ́n ọsibítù ni mo ti kọ́kọ́ gbọ́ pé ẹni tí wọ́n di ẹrù lé lórí ni yóò fọwọ́ ara rẹ̀ dín in kù.

Ẹrù ìyá mi kò sì fara sin. Òun ni àgbà nínú gbogbo ìyàwó agboolé bàbá mi. Bí wọ́n bá ń sọmọ lórúkọ, bí wọ́n bá ń ṣe fídáù, ìdí ìkòkò rẹ̀ ni wọ́n ń wò. Bàbá mi ti kú, ṣùgbọ́n ọkọ kò tán nílẹ̀. Gbogbo ẹni tí wọ́n ti bí sínú ilé kí ìyàwó tó wọlé, ọkọ ni wọ́n jẹ́ fún un, ó sì gbọ́dọ̀ kúnlẹ̀ kí wọn. Ọkọ rẹ̀ kan wà tí kò tíì lè rìn nígbà tí wọ́n gbé ìyá mi wọlé. Ìyá mi ló ń pọ̀n ọ́n, òun ló ń fọ ìdí fún un. Títí di òní, ìyá mi ń kúnlẹ̀ fún un.

Kí a tó padà dé láti ọsibítù, ìròyìn ti ṣáájú wa délé. Ẹ sáà mọ bí a ṣe ń ṣe: aláìsàn tí èèyàn kò bá lọ kí, wọ́n á ní èèyàn bá a ṣọ̀tá. Ni gbogbo ìlú bá wọlé tọ ẹni tí wọ́n ní kó sinmi. Alhaja yìí wọlé, Alhaja tọ̀hún wọlé. Ìyá mi á dìde jókòó, á tún gèlè wé, á kúnlẹ̀ fún ẹni tó bá yẹ kó kúnlẹ̀ fún, á wá ránṣẹ́ lọ ra mínírà. Wọ́n á mu mínírà tán, wọ́n á nu ẹnu, wọ́n á ní, “Ẹ máa sinmi o, Alhaja. Ẹ̀mí ò láàrọ̀.”

Àwọn ẹbí rẹ̀ dé láti Ojoku, wọ́n kó iṣu ńláńlá wá fún un kó fi gbádùn. Wọ́n jókòó ti iṣu náà. Wọn ò lọ. Ìyá mi fojú sọ fún mi pé kí n lọ dáná.

Mo ní, “Ṣebí ẹ̀yin ni wọ́n kó o wá fún?”

Ó ní, “Ṣé kí wọ́n fi ebi padà sí Ojoku ni?”

Ni mo bá gúnyán. Ìyá mi fúnra rẹ̀ ló jókòó lórí àpótí tó ń ro ọbẹ̀, nítorí ó ní tèmi kì í ta sánsán.

Lọ́jọ́ kejì ni ọkọ rẹ̀ kékeré yẹn wọlé. Ìyá mi sọ̀ kalẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì, ó kúnlẹ̀. Ìgbà tí orúnkún méjèèjì kanlẹ̀ tán ni ọkùnrin náà tó ní, “Ẹ dìde, ẹ dìde, ìyàwó wa.” Kò lè dìde. Ojú rẹ̀ ń yí, ó di ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì mú, èmi ni mo fà á sókè. Ọkùnrin náà mi orí, ó ní kó máa yẹra fún sítírẹ́ẹ̀sì. Díẹ̀ ló kù kí n fọ́ ọ létí! Nígbà tó lọ, mo fi ẹ̀rọ kékeré tí a rà bọ̀ láti ọsibítù wọn ẹ̀jẹ̀ ìyá mi. Ó ti ru ju ti ọsibítù lọ.

Mo ti géètì pa, mo sì fi kọ́kọ́rọ́ sínú àpò mi.

Ìyá mi sùn lọ́jọ́ náà. Ó sùn lọ́sàn-án gangan, ó la ẹnu sílẹ̀, ó ń hanrun. Mi ò rí i kó sùn lọ́sàn-án rí. Mo jókòó tì í, mò ń gbọ́ báwọn èèyàn ṣe ń kan géètì tí wọ́n sì ń padà. Lẹ́yìn ìrun alásárì ni ẹ̀gbọ́n bàbá mi dé, ẹni tó jẹ́ olórí ẹbí. Mo jáde, mo kúnlẹ̀ sí ẹ̀yìn géètì.

“Ẹ má bínú, Bàbá. Wọ́n ń sùn.”

“Ta ló ń sùn? Ìyàwó mi? Ṣílẹ̀kùn fún mi.”

“Dókítà ní kí wọ́n sinmi, sà.”

“Dókítà ló wá sọ ọ́ di pé mi ò gbọ́dọ̀ wọ ilé àbúrò mi?”

Mi ò ṣí i. Ó lọ.

Kò ju ọjọ́ mẹ́ta lọ lẹ́yìn náà tí wọ́n fi pe ìpàdé ẹbí nítorí mi. Mo bẹ̀ wọ́n pé kí n dá wá, wọ́n ní àfi kí ìyá tó bí mi wá jẹ́jọ́. Ni aláìsàn bá fi ara tì mí, a ń wọ́ lọ sí pálọ̀ olórí ẹbí. Wọ́n fún un ní àga. Èmi kúnlẹ̀. Wọ́n ní ìwé ti yí mi lórí, wọ́n ní mo lé àgbà padà lẹ́nu ọ̀nà. Mo sọ fún wọn pé àwọn ni sítírẹ́ẹ̀sì tí dókítà ń wí. Mo ní kì í ṣe inú ìyá mi ló ti ń jáde, ẹ̀yin lẹ kó o gbé e lórí, ẹ tún ń ní kó rọra. Pálọ̀ dàrú. Ẹnì kan ń pariwo pé ta ni kò ní sítírẹ́ẹ̀sì nínú Nàìjíríà yìí.

Olórí ẹbí na ọwọ́ sókè, gbogbo wọn dákẹ́. Ó yíjú sí ìyá mi.

“Ìyàwó, ó ti tó. Wá kúnlẹ̀ kí o bẹ̀bẹ̀ fún ọmọ rẹ, kí ọ̀rọ̀ parí.”

Ẹ̀rù bà mí gan-an. Mo mọ̀ pé yóò kúnlẹ̀, mi ò sì mọ̀ bóyá yóò lè dìde. Mo ti na ọwọ́ láti dì í mú. Ìyá mi gbé ọwọ́ méjèèjì lé apá àga, ó sún síwájú. Gbogbo pálọ̀ ń wo orúnkún rẹ̀. Ó wá rọra fẹ̀yìn ti àga padà.

Ó ní, “Ẹ má bínú, ọkọ mi. Orí àga yìí náà ni n ó ti bẹ̀ yín.”