Ilẹ̀ Tí Ekòló Ti Jáde

Mi ò ní fi ogbó parọ́: mo ti ṣe ìkà rí, ó sì dùn mọ́ mi nígbà náà.

Ọdún díẹ̀ lẹ́yìn òmìnira ni ẹ̀gbọ́n mi kú, ó fi ìyàwó kan àti ọmọ mẹ́ta sílẹ̀. Ilẹ̀ bàbá wa ku ọ̀nà méjì: ọ̀kan lórí òkè lọ́nà Omifunfun, ọ̀kan ní àfonífojì létí títì Òrè. Àwọn àgbà ẹbí ní kí opó yàn ṣáájú nítorí àwọn ọmọ, kí èmi mú èyí tó bá kù. Àfonífojì ni ojú àwa méjèèjì wà. Ta ni kò mọ̀ pé ibi tí ekòló bá ti ń yàgbẹ́ ni ẹ̀gẹ́ ti ń ta?

Ọjọ́ kan ṣáájú yíyàn ni táńkà epo bẹntiróòlù ṣubú létí títì, ó gbiná. Ọkọ̀ panápaná ilé iṣẹ́ agégẹdú wá, ó ń tu ìfófòó funfun tó ń rùn bí pátákò màlúù tí wọ́n sun. Ìfófòó náà ṣàn wọ àfonífojì, ó mu ènìyàn dé orúnkún. Aládùúrà paraku ni ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi, ó sì ti gbààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta lórí ilẹ̀ yẹn. Ó ní áńgẹ́lì ló tẹ́ aṣọ sílẹ̀ fún òun.

Bí ilẹ̀ ti mọ́, èmi ni mo kọ́kọ́ débẹ̀; ìfófòó ti rin wọlẹ̀ tán. Ekòló bo ilẹ̀ lọ súà. Mo fi ọkọ́ gbẹ́ ilẹ̀: èyí tó wà nísàlẹ̀ ti kú, ó ti rọ̀ bẹ̀tẹ̀bẹ̀tẹ̀. Ọ̀kùn ká jọ, wọn ò mira. Ikán inú ògán ti kú tán. Mo fi ẹsẹ̀ wọ́ ilẹ̀ bo ihò tí mo gbẹ́.

Nígbà tó yá, ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi àti àwọn àgbà dé. Ọkọ ni ìyàwó ilé máa ń pe gbogbo wa, ó sì kúnlẹ̀.

"Ọkọ mi, ẹ wò ó! Ekòló jáde wá kí wa. Ulẹ̀ yìí ni mo mú fún àwọn ọma."

Mo bi í pé, "Ṣé ó dá ọ lójú? Má sọ lọ́la pé mo rẹ́ ọ jẹ o."

Ó ní ó dá òun lójú.

Ewé ẹ̀gẹ́ rẹ̀ pọ́n ràkọ̀ràkọ̀. Ilẹ̀ náà le gbagidi, a ò rí ìgbẹ́ ekòló kan níbẹ̀ títí òjò fi lọ. Nígbà tó máa fà á tu, kò tóbi ju ìka lọ. Tèmi lórí òkè ń ya ilẹ̀. Bí ìyàwó mi bá ń yan púpurú, oúnjẹ ẹ̀gẹ́ wa, àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n mi a wá dúró lẹ́nu ọ̀nà. Mo ní kó máa ti ilẹ̀kùn.

Gbólóhùn kan ni ì bá gbà á sílẹ̀: pé ìfófòó ló pa ilẹ̀ náà. Àmọ́ bí mo bá sọ ọ́, màá pín òkè fún un. Ní ilé àdúrà, wọ́n ní ẹ̀ṣẹ̀ ló fara pamọ́ sí i lọ́wọ́. Ó tún bẹ̀rẹ̀ ààwẹ̀, ó gbẹ bí igi.

Lọ́jọ́ ìsinmi kan tí èmi náà lọ síbẹ̀, lẹ́yìn ìsìn, ó wá dojú bolẹ̀ níwájú mi. Ó ń sunkún, ó ní kí n má bínú, pé ẹ̀ṣẹ̀ òun ti ba ilẹ̀ ẹ̀gbọ́n mi jẹ́. Gbogbo ìjọ ń wò mí.

Mo gbé ọwọ́ lé e lórí, mo ní mo ti dárí jì í.