Ìbéèrè Tí A Fi Àmín Dáhùn

Aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni mo ka gbólóhùn tó kẹ́yìn nínú ìwé náà, ní ọjọ́ Àìkú kan tí òjò ti ń rọ̀ sórí òrùlé Uwani, àdúgbò wa ní Enugu, láti ọ̀sán. Èmi àti ọmọbìnrin mi la wà nínú pálọ̀. Ó wá kí mi láti ìlú tó ti ń ṣiṣẹ́, ó jókòó sórí àga tí ìyá rẹ̀ máa ń jókòó sí. Àwọn yòókù tó ń tẹ́tí sí mi wà káàkiri, ní Ìbàdàn, ní Kàdúná, ní Oǹdó, ní ìlú òyìnbó. Inú fóònù ni gbogbo wọn wà. Mo fi ohùn mi ránṣẹ́ sí wọn, mo pa ìwé dé.

Ẹnì kan ṣoṣo tí mo fẹ́ kó gbọ́ ọ kò sí láàárín wọn.

Ó ti lé ní ọdún kan tí ẹgbẹ́ wa bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìwé náà. Ìwé ìtàn àtijọ́ ni, ó nípọn, èèpo ẹ̀yìn rẹ̀ sì ti já. Ìyàwó mi ló ni ín. Olùkọ́ ni, ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan níbí ló ti ṣiṣẹ́ títí àìsàn fi dá a dúró. Ó máa ń pè mí pé kí n wá ká jọ kà á, èmi a ní kó jẹ́ kí n sinmi ná. Mo pẹ́ kí n tó lọ sílé ìwé. Títún máṣíìnì ìránṣọ ṣe ni iṣẹ́ tí mo kọ́ ní kékeré, mo sì ti lé ní ọgbọ̀n ọdún kí n tó jókòó ní kíláàsì ìrọ̀lẹ́ láàárín àwọn ọmọ kéékèèké. Ìwé kíkà kì í yọ̀ lẹ́nu mi. Bí mo bá ti ṣọ́ọ̀bù mi ní Obiagu dé, oúnjẹ àti ibùsùn ni mo máa ń wá. Nígbà tí ìyàwó mi kú, mo gbé ìwé náà sórí tábìlì ẹ̀gbẹ́ ibùsùn. Mi ò ṣí i.

Ọmọ mi ló rí ẹgbẹ́ náà lórí ayélujára. Yorùbá kò fi bẹ́ẹ̀ yọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu. Enugu la bí i sí, Enugu ló dàgbà sí, Òyìnbó àti Píjìn ló yá a lára jù. Ó ní àwọn Yorùbá kan fẹ́ jọ ka ìwé tí Mọ́mì máa ń kà, díẹ̀díẹ̀, orí kan lọ́sẹ̀, òun sì ti fún wọn ní nọ́ńbà mi. Kò bi mí kó tó ṣe é. Ká ní ó bi mí ni, ǹ bá kọ̀.

Òfin ẹgbẹ́ kò pọ̀. Ní ọjọ́ Àìkú kọ̀ọ̀kan, ẹni tó bá kàn a ka orí kan sókè sínú fóònù, kí àwọn tí ojú ń dùn lè gbọ́, lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ a bẹ̀rẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ sáré ṣíwájú. Bó bá sáré, kò gbọdọ̀ sọ ohun tó rí níbẹ̀. Alákòóso wa, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń kọ́ni ní yunifásítì, máa ń rán wa létí pé ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

Ìtàn ọmọkùnrin kan ni. Ó fi ìbínú kúrò nílé nítorí ọ̀rọ̀ tí bàbá rẹ̀ sọ sí i níwájú àlejò, ó sì ń ti ìlú kan bọ́ sí òmíràn. Nílé, ìyá rẹ̀ ń bu oúnjẹ tirẹ̀ sọ́tọ̀ lálaalẹ́, ó ń fi àwo bò ó. Òǹkọ̀wé náà kò kánjú. Ó lè fi odindi orí kan sọ̀rọ̀ afárá tó ya. Ṣùgbọ́n ohun kan ṣoṣo ni gbogbo wa fẹ́ mọ̀: ṣé ọmọ yìí yóò padà wálé bá ìyá rẹ̀ láyé?

Ẹni tó dàgbà jù nínú ẹgbẹ́ ni màmá kan tí a ń pè ní Màmá Ọ̀fà, nítorí Ọ̀fà ni wọ́n ń gbé. Agbẹ̀bí ni wọ́n kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì. Ojú wọn ti lọ, ọmọ wọn obìnrin ló ń bá wọn tẹ fóònù. Ẹnu wọn mú. Ìgbà àkọ́kọ́ tó kàn mí, mo kàwé bí ẹni tó ń fẹsẹ̀ wá ọ̀nà nínú ẹrọ̀fọ̀. Bí mo ṣe ṣe tán ni ohùn wọn dé.

“Ọkọ mi tó wà nílẹ̀ Ìgbò, o ṣeun o. Àmọ́ ṣé ìtàn lò ń kà fún wa ni, àbí o fẹ́ pè wá lẹ́jọ́?”

Gbogbo ẹgbẹ́ rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, èmi nìkan nínú ilé, ó sì ti pẹ́ tí irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀. Láti ìgbà náà, bó bá ti fẹ́ kàn mí, màá gbé ìwé lọ sí ṣọ́ọ̀bù, màá máa kà á sókè láàárín àwọn máṣíìnì. Obìnrin Ìgbò tó ń ta òwú lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi bi mí bóyá mo ti di pásítọ̀. Nígbà tó tún kàn mí, Màmá ní ẹjọ́ ti ń lọ sí ìlàjà. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mọ́ mi ju bó ṣe yẹ lọ.

Ìgbà ọyẹ́ ni Màmá béèrè ohun tí wọ́n béèrè. Ìwé náà ṣì kù púpọ̀. A ti ka orí ọjọ́ náà tán, a ti jiyàn tán, kí ohùn Màmá tó wọlé. Wọ́n kọ́kọ́ kí wa, wọ́n kí wa kú òtútù, wọ́n béèrè ọmọ, wọ́n béèrè iṣẹ́. Wọ́n wá ní:

“Ẹ̀yin ọmọ mi, ọ̀nà tó kù yìí jìn sí mi. Ara mi ti ń bá mi sọ̀rọ̀. Ṣé a ò lè yá a díẹ̀? Tàbí kí ẹnì kan kàn sọ fún mi, ṣé ọmọ yẹn padà wálé?”

Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Kò sí ẹkún nínú ohùn wọn.

Àdúrà bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé. Ẹ ó pẹ́ fún wa, Màmá. A jọ máa kà á parí ni. Ẹ máa jẹun ọmọ, ẹ máa jẹun ọmọ ọmọ. Obìnrin kan láti Kàdúná ní a ó ka ìwé méjì sí i lẹ́yìn èyí, Màmá ni yóò sì yàn wọ́n. Alákòóso ní ẹ̀mí Màmá yóò gùn ju ìwé yìí lọ, bí òǹkọ̀wé náà tilẹ̀ fẹ́ràn ọ̀rọ̀ gígùn. A rẹ́rìn-ín. Lábẹ́ àdúrà kọ̀ọ̀kan ni àmín tò sí, èmi náà tẹ tèmi. Inú mi dùn bí ẹni tó ṣe ohun rere. Lẹ́yìn gbogbo rẹ̀ ni Màmá fúnra wọn dáhùn, ọ̀rọ̀ díẹ̀. “Àmín, ẹ̀yin ọmọ mi.”

Wọn kò béèrè mọ́ láti ọjọ́ náà.

Ọmọ mi wá lo Kérésì lọ́dọ̀ mi nígbà náà. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, ó ti gbọ́ gbogbo rẹ̀ láti inú fóònù. Ó ní, “Dádì, ìbéèrè ni màmá yẹn béèrè. Ẹnikẹ́ni ò dá wọn lóhùn.”

Mo gbìyànjú láti là á yé e. Mo ní a kì í gbà fún àgbà bó bá ń sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Bí a bá yá ìwé kíkà, ohun tí à ń sọ fún wọn ni pé àwa náà rí ohun tí wọ́n rí. Àdúrà ni èsì rẹ̀. Bí wọ́n ṣe tọ́ wa nìyẹn. Ó tẹ́tí sí mi dé òpin. Ó wá ní, “Bẹ́ẹ̀ náà lẹ ṣe fún Mọ́mì.”

Kò fi bú mi. Ó sọ ọ́ bí ẹni tó rántí ibi tí wọ́n gbé ife sí.

Òótọ́ ló sọ. Ní ọsibítù, ìyàwó mi máa ń bẹ̀rẹ̀ pé, “Ẹ gbọ́, tí kò bá rí bí a ṣe fẹ́...” Èmi a ti gbà á lẹ́nu rẹ̀ pé yóò rí bí a ṣe fẹ́, lórúkọ Jésù. Yóò wò mí, yóò ṣe àmín, yóò yíjú sí ògiri. Ó tó ìgbà mélòó kan. Ìgbà tó kẹ́yìn, nọ́ọ̀sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, mo sì gbé ohùn àdúrà mi sókè nítorí rẹ̀. Mi ò mọ ohun tó fẹ́ sọ títí di òní. Ó lè jẹ́ ohun kékeré, ẹni tó fẹ́ kí n bá òun kí, tàbí aṣọ tó fẹ́ kí ọmọ mú. Mo bi ọmọ, ó ní kò sọ fún òun náà. Àdúrà mi kò burú. Ó kàn jẹ́ pé kì í ṣe ohun tí ó ń wá lọ́wọ́ mi nìyẹn.

Lọ́jọ́ kejì Kérésì, mo kọ̀wé sí alákòóso ní kọ̀rọ̀. Mo béèrè bóyá a lè máa ka orí méjì lọ́sẹ̀. Ó dá mi lóhùn pẹ̀lú ọ̀wọ̀: “Ẹ̀gbọ́n, bí a bá yá a báyìí, ṣé kò ní dà bíi pé à ń gbẹ́lẹ̀ lójú Màmá?” Mo ní òótọ́ ni. Ó kàwé jù mí lọ, ọ̀rọ̀ rẹ̀ sì jọ ohun tí èmi náà ti sọ fún ọmọ mi.

Ṣùgbọ́n ní ọ̀sẹ̀ náà gan-an, èmi fúnra mi kà á dé òpin. Mo mọ ìdáhùn. Nọ́ńbà Màmá wà nínú ẹgbẹ́, kí n kàn fi ìka kàn án ni. Ọjọ́ Àìkú lórí ọjọ́ Àìkú, wọ́n kí wa, mo kí wọn padà, mo pa òfin mọ́. Mo ń sọ fún ara mi pé ó kù díẹ̀ ká débẹ̀, pé kò ní dára kí èmi tó dákẹ́ jù nínú ẹgbẹ́ jẹ́ ẹni tó máa kọ́kọ́ da òfin rú.

Nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ bẹ̀rẹ̀, ohùn wọn kò wọlé mọ́. Ọmọ wọn kọ̀wé sí wa pé rọpárọsẹ̀ ti dá wọn dùbúlẹ̀. Wọ́n wà nílé, wọ́n ń jẹ díẹ̀, ṣùgbọ́n bí a bá pè wọ́n, wọn kì í dáhùn. Àdúrà tún rọ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, mi ò tẹ nǹkan kan. Ẹnikẹ́ni kò fura, wọ́n ti mọ̀ mí sí ẹni tí kì í sọ̀rọ̀.

Bẹ́ẹ̀ la ṣe dé orí tó kẹ́yìn. Alákòóso ní kí n kà á, pé ohùn mi ló yí padà jù láti ọjọ́ tí a ti bẹ̀rẹ̀. Mo kà á dáadáa. Nígbà tí mo dé ibi tí ìyá náà gbọ́ ẹsẹ̀ lẹ́yìn ilé, tó sì ṣí àwo kó tó ṣílẹ̀kùn, ọmọ mi gbójú sókè láti inú fóònù tirẹ̀. Mo mọ̀ pé kò sí ohùn kóòtù nínú kíkà mi. Mo fẹ́ kí ẹnì kan sọ bẹ́ẹ̀ fún mi, ẹni náà kò sì lè sọ̀rọ̀.

Ọpẹ́ wọlé láti ibi gbogbo. Ẹnì kan béèrè ìwé tó kàn. Obìnrin Kàdúná wá kọ ọ́ pé ì bá dára ká ní Màmá gbọ́ èyí. Àwọn yòókù ní Ọlọ́run yóò wò wọ́n sàn. Àmín bẹ̀rẹ̀ sí í tò.

Ọmọ mi ní, “Dádì, ẹ pè wọ́n.”

Mo ní wọn kò gbọ́ nǹkan mọ́. Ó ní ta ló sọ fún mi. Mo ní ọmọ wọn ló kọ ọ́.

“Pé wọn ò dáhùn ló kọ,” ó ní. “Kò kọ ọ́ pé wọn ò gbọ́.”

A jẹun. Fóònù ń dún ṣáá, mo dojú rẹ̀ bolẹ̀.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé, kí n tó lọ sí ṣọ́ọ̀bù, mo pe ọmọ Màmá. A kí ara wa. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó gbé fóònù sétí wọn. Ó ní, “Ẹ ṣé, sà. Àmọ́ ẹ má retí nǹkan kan o.” Mo ti ṣí ìwé sí orí tó kẹ́yìn kí n lè kà á fún wọn. Nígbà tó ní òun ti gbé e síbẹ̀, mo pa ìwé náà dé.

Mo ní, “Màmá, ará Enugu ni. Ọmọ yẹn padà wálé. Ó bá ìyá rẹ̀ láyé.”

Mo dúró. Mo gbọ́ èémí, mo gbọ́ àkùkọ kan tó ń kọ lọ́nà jíjìn ní Ọ̀fà. Mo sọ fún wọn pé mo ti mọ̀ ọ́n láti ìgbà ọyẹ́. Lẹ́yìn náà ni ọmọ wọn gba fóònù, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Mo béèrè bóyá wọ́n ṣe nǹkan kan. Ó ní ojú wọn là sílẹ̀, àmọ́ bó ṣe là sílẹ̀ láti àárọ̀ náà nìyẹn.

Mo wọ kẹ̀kẹ́ lọ sí Obiagu, mo ṣí ṣọ́ọ̀bù. Obìnrin tó ń ta òwú béèrè ìdí tí pásítọ̀ ò fi gbé ìwé wá lónìí. Mo ní ó ti parí. Ó béèrè bó ṣe parí.

Mo sọ fún un lójú ẹsẹ̀.