Pẹ́dà Tí Ń Ránṣọ, Tí Ń Kọrin

Lórí ìtàgé, onígìtá náà bọ́ bàtà ọ̀tún. Ó bọ́ ìbọ̀sẹ̀ tẹ̀lé e, ó ká a sínú bàtà. Lẹ́yìn náà ni ó na àtàǹpàkò ẹsẹ̀, ó fi kan orí pẹ́dà díẹ̀, bí ẹni tí ń tọ́ omi gbígbóná wò kí ó tó wẹ̀. Okùn gìtá kan ṣoṣo ni ó ta. Ó tẹ pẹ́dà. Ohùn náà fẹ̀, ó di kùrukùru, ó ń rìn lọ lókè orí àwọn èèyàn inú gbọ̀ngàn. Ẹni tó ń jẹun gbàgbé oúnjẹ sí ẹ̀rẹ̀kẹ́.

Ìgbà náà ni ìyàwó rẹ̀ wọlé, aṣọ ìgbéyàwó alápá kan léjìká rẹ̀. Aránṣọ ni. Ọ̀la ni ìgbéyàwó oníbàárà rẹ̀, apá kejì kò tíì sí lára aṣọ, pẹ́dà ẹ̀rọ ìránṣọ oníná rẹ̀ sì ni ọkọ rẹ̀ fẹsẹ̀ tẹ̀ yìí.

"Bàbá ọmọ mi, mo wá gba pẹ́dà mi."

"Ní sùúrù, ìyá ọmọ mi. Ohùn kan ṣì wà lókè. Jẹ́ kí n sọ̀ ọ́ kalẹ̀ ná."

"Nígbà tí ẹ ń gbé e gòkè, ṣé ẹ bi mí?"

Ohùn náà pẹ́ kó tó sọ̀. Nígbà tó fi sọ̀, aránṣọ ti jókòó, aṣọ lórí itan, ojú rẹ̀ bíi ti ẹni tó ń lálàá. Alápá kan ni oníbàárà náà wọ̀ ṣègbéyàwó lọ́jọ́ kejì. Kí oṣù tó parí, àwọn àfẹ́sọ́nà mìíràn ti ń wá pé irú rẹ̀ gan-an ni àwọn fẹ́.

Rọra ni wọ́n ń pe ọkùnrin náà, nítorí pé bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá fẹ́ dán pẹ́dà wò. Kó tó ní in, àgbọ̀n ló fi ń yí kókó tí ń mú ohùn ga tàbí lọ sílẹ̀ lára àpótí gbohùngbohùn rẹ̀, torí ọwọ́ méjèèjì wà lára gìtá. Àwọn tó jókòó lẹ́yìn rò pé ó ń fẹnu ko àpótí lẹ́nu ni.

Lọ́jọ́ kan, òjò ń rọ̀, ó jókòó, ó ń wo ẹsẹ̀ ìyàwó rẹ̀ nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ. Obìnrin náà tẹ pẹ́dà díẹ̀, ẹ̀rọ rìn bí ìgbín. Ó tẹ̀ ẹ́ dáadáa, ẹ̀rọ sáré. Rọra wò ó títí. Ìyàwó rẹ̀ rò pé ìfẹ́ ni, ó tún gèlè rẹ̀ wé. Nígbà tó máa fi di ìrọ̀lẹ́, pẹ́dà ti wà lórí tábìlì ní títú palẹ̀.

Rọra ti kó ìfun rẹ̀, àwọn ẹ̀yà inú rẹ̀, jáde. Èyí tí wọ́n fi ń yí ohùn rédíò sókè ló fi rọ́pò rẹ̀, ó sì fa wáyà rẹ̀ lọ sínú àpótí gbohùngbohùn. Tẹ gìgísẹ̀, ohùn á jókòó tì ọ́. Tẹ ọmọ ìka, á rìnrìn àjò.

Wọ́n jà. Irú pẹ́dà ẹ̀rọ àtijọ́ náà kò sí lọ́jà mọ́. Wọ́n fẹnu kò pé bí eré bá tán, kí ó dá ìfun ẹ̀rọ padà. Ó ń dá a padà, kò kàn mọ ìgbà tó yẹ ni. Nígbà kan, ìfun ẹ̀rọ ìránṣọ ló gbé dé orí ìtàgé. Ó tẹ̀ ẹ́. Kẹ́kẹ́ pa. Ó di ojú, kò mira. Àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́. Ó délé, ó ń fọ́nnu pé orin tuntun tí òun kọ ni ìdákẹ́ yẹn.

"Ẹ̀rọ mi ló kọ ọ́," ni ìyàwó rẹ̀ wí.

Nígbà tí Rọra kú, ìfun rédíò ló wà nínú pẹ́dà. Aṣọ oníbàárà ti ga bí òkìtì. Àbúrò Rọra, oníṣẹ́ iná, wá bá aránṣọ tún pẹ́dà ṣe.

"Kò le, Àǹtí. Ẹ óò ránṣọ lọ́la."

Ó ti tú nọ́ọ̀tì kan lára pẹ́dà nígbà tí aránṣọ ní kó dúró. Obìnrin tí kò ta gìtá rí fi ìka fa okùn kan lára gìtá ọkọ rẹ̀, ó sì gbé ẹsẹ̀ lé pẹ́dà. Ẹsẹ̀ aránṣọ: kò kánjú. Ohùn náà kọjá òkìtì aṣọ, ó gba ojú fèrèsé jáde, ó ń lọ.

"Tí ẹ bá yọ ọ́, ṣé ẹ lè dá a padà bó ṣe wà?"

Oníṣẹ́ iná wo àwọn wáyà náà pẹ́. "Ẹ̀gbọ́n mi nìkan ló mọ bó ṣe so wọ́n."

Aránṣọ ní kó dá nọ́ọ̀tì padà.

Láti ọjọ́ yẹn, ọwọ́ ni ó fi ń yí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀.