Ewé Tí Mi Ò Dáná Sun

Nígbà tí mo kéré, kí Máfolúkù tó kún tó báyìí, ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin ni mo ń gbé. Ìyá mi wà ní Ọ̀yọ́. Kò sí ọmọ mìíràn nínú ilé náà, ẹ̀gbọ́n bàbá mi kì í sì í ti ọjà dé títí ilẹ̀ yóò fi ṣú. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ dàgbà láàárín èrò, ẹ ò lè mọ bí àgbàlá ṣe máa ń dákẹ́ tó lọ́sàn-án.

Iṣẹ́ mi ni kí n máa gbá ewé igi fúrúùtù ẹ̀yìnkùlé láràárọ̀, kí n sì dáná sun ún. Níbẹ̀ ni mo ti rí kòkòrò kan tí kò gùn ju èékánná mi lọ. Ara rẹ̀ jọ ewé gbígbẹ, orí rẹ̀ dúdú. Ewé tútù kò wù ú rárá. Èyí tó ti jábọ́, tó ti ń jẹrà, ni oúnjẹ tirẹ̀.

Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ ojóró nìyẹn. Mo fi òkìtì ewé kan pamọ́ sẹ́yìn balùwẹ̀ fún un. Ojoojúmọ́ ni mo ń lọ bá a sọ̀rọ̀. Mo sọ fún un pé àárò ìyá mi ń sọ mí. Mi ò sọ ìyẹn fún ẹlòmíì. Nígbà tó yó tán, ó ta òwú tẹ́ẹ́rẹ́ yí ara rẹ̀ ká, ó lẹ èérún ewé mọ́ ọn, ó sì wọlé, ó ti ilẹ̀kùn. Mo ní n ó dúró dè é.

Àfi bí ibà ṣe dá mi dùbúlẹ̀. Lọ́jọ́ kẹta, ẹ̀gbọ́n bàbá mi yọjú sí mi tẹ̀ríntẹ̀rín.

"Sinmi jàre, ọmọ mi. Mo ti bá ẹ gbálẹ̀. Èyí tó wà lẹ́yìn balùwẹ̀ gan-an, mo ti sun ún."

Kí ni ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé fẹ́ ṣe? Mo dìde lórí ẹní, mo kúnlẹ̀, mo ní, "Ẹ ṣé, mà." Ni mo bá bú sẹ́kún. Ó rò pé ibà ni, ó lọ gbé àgbo wá.

Ọjọ́ tí mo lè rìn, mo rí àfòpiná kékeré kan lára ògiri balùwẹ̀. Ìyẹ́ rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ, ó ní àwọ̀ ewé gbígbẹ, ìlà funfun méjì sì gba ibẹ̀ kọjá. Bóyá tèmi ni, bóyá kì í ṣe tèmi. Mo kí i. Ó fò lọ, bóyá ó lọ wá ewé tí yóò yé ẹyin sí.

Ayé ti yí. Òkòtà ni mo wà báyìí, sìmẹ́ńtì ti bo gbogbo àgbàlá, àwọn ọmọ mi sì wà lókè òkun. Ìkòkò òdòdó kan ni mo ní. Mo máa ń jẹ́ kí ewé rẹ̀ kú sílẹ̀ yí i ká, n kì í gbá a.

Lánàá, ìyàwó ilé tó wà ní yàrá iwájú kan ilẹ̀kùn mi, ó kúnlẹ̀.

"Mọ́mì, mo ti bá yín gbálẹ̀ o. Gbogbo ewé yẹn, mo ti kó o dànù."

Ọmọ dáadáa ni. Mo ní, "O ṣé, ọmọ mi." Mo wọlé, mo ti ilẹ̀kùn.