Ọ̀rọ̀ Tí Mo Túmọ̀ fún Ìyá Mi

Ọdún tí mo pinnu pé mo fẹ́ di nọ́ọ̀sì ni ìyá mi wá sọ́dọ̀ wa ní Park Forest, létí Chicago. Ilé ẹ̀kọ́ tí mo fẹ́ wọ̀ ní ìdánwò àbáwọlé, ọ̀rọ̀ òyìnbó tó le ló sì pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ọmọ mi obìnrin, tí mo bí síbí, ni olùkọ́ mi. Tó bá ti school dé, a ó jókòó sídìí tábìlì ní kíṣìnnì. Á ka ọ̀rọ̀ kan látinú àwọn káàdì tí a kọ ọ̀rọ̀ ìdánwò sí, èmi á sọ ìtumọ̀ rẹ̀, n ó wá fi ṣe gbólóhùn. Bí gbólóhùn náà ò bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, á mi orí: "Mọ́mì, nobody talks like that."

Ìyá mi máa ń jókòó tì wá, á máa fa tẹ̀sùbáà rẹ̀. Kò gbọ́ òyìnbó. Lọ́jọ́ kan ó ní, "Ẹ sọ ọ́ fún èmi náà ní Yorùbá."

Reluctant ló wà lọ́wọ́ wa. Mo ní kéèyàn máa ṣe nǹkan tí ọkàn rẹ̀ ò fẹ́ ni.

Ó ronú díẹ̀. "Bí ọkọ rẹ ṣe ń jáde lọ kó yìnyín lẹ́nu ọ̀nà nìyẹn."

Ọmọ mi rẹ́rìn-ín títí ó fi gbórí lé tábìlì. Láti ọjọ́ náà, ìyá mi ló ń ṣe gbólóhùn fún wa. Tenacious, ẹni tí kì í jáwọ́, bàbá mi ni, tó ń pààrà ilé àwọn òbí ìyá mi títí wọ́n fi gbà fún un. Frugal, ẹni tó ń ṣọ́ nǹkan ná, ẹ̀gbọ́n ìyá mi kan ni, tó máa ń fún àlejò ní ẹ̀pà ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Ibẹ̀ ni mo ti ń gbọ́ ìtàn ilé wa tí ẹnikẹ́ni ò sọ fún mi rí.

Nígbà tí òtútù mú gan-an, ìyá mi ò jẹun dáadáa mọ́. Ó ní oúnjẹ ibí ni kò bá òun lára mu. Aṣọ bẹ̀rẹ̀ sí í tóbi mọ́ ọn lára. Mo gbé e lọ sí ọsibítù, wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n ní ká padà wá gbọ́ èsì.

Dókítà náà, obìnrin kan tí ohùn rẹ̀ tutù, fa àga sún mọ́ wa. Ó ní àwọn lè fi fóònù pe ògbufọ̀. Ìyá mi kọ̀, ó ní ọmọ òun ni kó sọ ọ́ fún òun. Dókítà ní jẹjẹrẹ ni, ó ti dé ẹ̀dọ̀, ó sì ti tàn ká. Ohun tó kù tí àwọn lè ṣe ni palliative care.

Mo mọ ọ̀rọ̀ náà. Mo ti kà á lórí káàdì, mo tilẹ̀ ti fi ṣe gbólóhùn tí ọmọ mi yìn.

"Kí ni wọ́n wí?" ìyá mi bi mí.

"Wọ́n ní àwọn máa tọ́jú yín, Màmá."

Ó wo ojú mi. "Ìtọ́jú wo? Sọ ọ́ fún mi bó ṣe jẹ́."

Mo kúnlẹ̀ síwájú rẹ̀, mo di ọwọ́ rẹ̀ mú. "Ìtọ́jú tí á jẹ́ kí ara tù yín ni, Màmá. Kò ní wo àìsàn náà. Kò sí èyí tó lè wò ó mọ́."

Ìyá mi fi ọwọ́ kejì fa tẹ̀sùbáà rẹ̀.

"Alihamudulilahi," ló sọ nígbẹ̀yìn. "O ò tàn mí." Ó wá ní kí n béèrè bóyá òun lè wà nílé. Dókítà ní bẹ́ẹ̀ ni. Nínú mọ́tò, èmi ni mò ń sunkún; òun ló ń sọ fún mi pé kí n máa wo títì.

Mo fẹ́ pa ìwé tì, kò gbà. A gbé káàdì lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀. Gbólóhùn rẹ̀ ń kúrú sí i, títí ó fi kù kó máa mi orí nìkan. Ó kú lọ́sàn-án ọjọ́ Jímọ̀, àwọn obìnrin mọ́ṣáláṣí wá bá mi wẹ̀ ẹ́, a sì sin ín lọ́jọ́ kejì nínú òtútù.

Yìnyín ti yọ́ tán kí n tó ṣe ìdánwò náà. Èsì jáde lójú ẹsẹ̀: mo yege. Mo gbé fóònù, n ò mọ ẹni tí n ó kọ́kọ́ pè. Mo jókòó sínú mọ́tò níwájú ibi ìdánwò fún ìgbà pípẹ́, kí n tó wakọ̀ lọ sílé.