Ìbejì Ìlọrà àti Kámẹ́rà Tuntun Mi

Kámẹ́rà tí ọ̀gá mi fi ta mí lọ́rẹ nígbà tí mo gba fírídọ̀mù kò ní wàhálà kankan. Bí mo bá ti ya fọ́tò kan tán, àtàǹpàkò mi á fa irin kékeré kan láti sún fíìmù síwájú, ọwọ́ òsì á yí òrùka ẹnu rẹ̀, ojú mi ò sì ní kúrò lára oníbàárà. Ọdún mẹ́jọ ni mo fi ṣe bẹ́ẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù mi ní Fìdítì. Nígbà tó di àárín àwọn ọdún 1990, ọyẹ́ ọdún kan mú un, kò sì lajú mọ́. Ẹni tó ń tún kámẹ́rà ṣe n'Íbàdàn yẹ̀ ẹ́ wò títí, ó ní, "Màdáámù, ẹ jẹ́ kí baba yìí sinmi."

Bí mo ṣe ra tuntun nìyẹn. Ó fúyẹ́ bíi páálí, ó sì ń fa fíìmù fúnra rẹ̀. Inú mi dùn púpọ̀. Àmọ́ àwọn tó ṣe é ti kó gbogbo nǹkan kúrò níbi tí ọwọ́ mi mọ̀ ọ́n sí. Bọ́tìnnì tí a fi ń ya fọ́tò ti sún síwájú, wọ́n wá fi òmíràn sí àyè rẹ̀: èyí tí ènìyàn ń tẹ̀ bó bá fẹ́ sáré lọ dúró láàárín àwọn tó fẹ́ yà. Tí o bá tẹ̀ ẹ́, kámẹ́rà á kọ́kọ́ máa ké fúngbà díẹ̀ kó tó yà. Mo ka ìwé rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Orí mi gbọ́, ọwọ́ mi ò gbọ́.

Iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí mo gbé e lọ ni ti àwọn ìyá àgbà méjì kan n'Ílọrà, tí wọ́n jẹ́ ìbejì. Wọ́n ti lé ní àádọ́rin ọdún. Ọ̀kan ò kúrò n'Ílọrà rí. Ọkọ ti gbé èkejì lọ sí Awẹ́ láti ìgbà èwe. Wọn ò jọ ya fọ́tò rí láyé wọn. Ọmọ Ìyá Ìlọrà, tó jẹ́ tíṣà, ló ní ọdún yẹn ò ní kọjá bẹ́ẹ̀. Aṣọ kan náà ló rán fún wọn. Wọ́n jókòó sórí àga méjì lábẹ́ igi máńgòrò, wọ́n le ojú koko bí ẹni tó wá gbọ́ ẹjọ́.

"Ẹ̀yin ìyá mi, ẹ má mira o." Mo tẹ bọ́tìnnì.

Pí, pí, pí. Iná pupa ń ṣẹ́jú.

"Kí ló ń ké yẹn?" Ìyá Awẹ́ bèèrè.

"Ó jọ òròmọdìyẹ," Ìyá Ìlọrà dáhùn láìmira, ètè rẹ̀ nìkan ló ń mì.

Mo rò pé mo ti ba nǹkan jẹ́. Mo yí kámẹ́rà padà, mo ń wo ẹnu rẹ̀. Mànà! Èmi gan-an ló yà.

Mo tọrọ gáfárà, mo tún gbé e sókè. Ọwọ́ mi tún lọ síbi tó mọ̀. Pí, pí, pí. Lọ́tẹ̀ yìí mo dúró jẹ́ẹ́. Ìjókòó sì ti sú àwọn ìyá.

"Gèlè rẹ wọ́," ni Ìyá Awẹ́ wí, ó nawọ́ sí i.

Ìyá Ìlọrà gbá ọwọ́ rẹ̀ dànù. "Fi mí sílẹ̀, èmi ni ẹ̀gbọ́n rẹ!"

"Ẹ̀gbọ́n tí mo fi sílẹ̀ lẹ́yìn, tí mo ṣáájú wáyé!"

Ni àwọn méjèèjì bá bú sẹ́rìn-ín, ibẹ̀ sì ni iná ti kọ. Lẹ́ẹ̀kẹta ni mo tó fi ojú wá bọ́tìnnì tòótọ́, mo sì ya èyí tó dáa.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, mo gbé èyí tó dáa náà lọ fún wọn n'Ílọrà, mo fi méjì yòókù pamọ́ sínú báàgì. Ìyá Awẹ́ wà níbẹ̀.

"Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni iná kọ, ọmọ mi. Àwọn yòókù dà?"

Mo kó wọn jáde. Ìyá Ìlọrà já ti ẹ̀rín gbà, ó ní, "Àwa nìyí." Tíṣà ń pariwo pé ìyá òun ò ní eyín nínú rẹ̀. Ìyá Awẹ́ mú tèmi, èyí tí mo la ẹnu sílẹ̀, tí imú mi kún fọ́tò.

"Èyí ni mo fẹ́."

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, mo burẹ́wà níbẹ̀."

"Ta ló burẹ́wà? Gbogbo ayé lò ń yà. Ta ló ń ya ìwọ?"

Lóòótọ́, yàtọ̀ sí ti ìgbéyàwó mi, mi ò ní fọ́tò ara mi kankan nílé. Mo fún un.

Lẹ́yìn ìyẹn, bí kò bá ti sí oníbàárà lọ́sàn-án, màá yọ fíìmù kúrò, màá dijú, màá máa fi ọwọ́ wá bọ́tìnnì, màá máa "ya" ewúrẹ́ tó ń kọjá. Télọ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi bi mí bóyá ara mi yá. Kó tó pé oṣù kan, ọwọ́ mi ti gbọ́ràn.

Ní Àjíǹde, iṣẹ́ gbé mi dé Awẹ́. Obìnrin kan ń wò mí lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, ó rìn sún mọ́ mi.

"Ẹ má bínú mà. Ṣé ẹ̀yin kọ́ lẹ wà lára ògiri ìyá wa?"

Mo tẹ̀ lé e délé. Mo wà lára ògiri Ìyá Awẹ́ lóòótọ́, nínú férémù, láàárín fọ́tò àwọn ọmọ rẹ̀.