Ilé Ìgbà Díẹ̀ ní Peckham

Leeds ni mo ti kẹ́kọ̀ọ́ jáde, Lọ́ńdọ̀nù ni mo ti ríṣẹ́. Ilé-iṣẹ́ tó gbà mí ní àwọn yóò san owó ọkọ̀ tó bá kó ẹrù mi wá, àti owó ilé tí mo bá wọ̀ fúngbà díẹ̀ kí n tó rí yàrá tèmi. Wọ́n ní ìjọba kò ní yọ owó orí nínú rẹ̀, bí kò bá ti kọjá iye tí òfin fi lélẹ̀. N kì í tètè gba ohun tó bá dùn tó báyìí gbọ́, nítorí náà mo wá òfin náà kà. Òótọ́ ni wọ́n sọ. Ohun kan ṣoṣo ló lè bà á jẹ́: bí n kò bá ná owó kankan. Ìyẹn kò bà mí lẹ́rù. Ta ló ń kó ẹrù láìnáwó?

Ọ̀dọ̀ àbúrò màmá mi, tí mò ń pè ní Àǹtí, ni mo dé sí ní Peckham. Iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó ni wọ́n ń ṣe. Sófà tí wọ́n máa ń nà lé bí wọ́n bá ti ibi iṣẹ́ dé ni mo gbà lọ́wọ́ wọn. Orí àga ilé ìdáná ni wọ́n wá ń tòògbé sí. Mo pinnu pé owó ilé-iṣẹ́ yẹn gbọ́dọ̀ dé ọwọ́ wọn. N kò fẹ́ jẹ gbèsè oore yìí lọ.

Àlàájì kan tí òun àti Àǹtí jọ ń kírun ní mọ́ṣáláṣí ló fi ọkọ̀ wọn kó ẹrù mi wá láti Leeds. Mo béèrè pé èló ni.

“Èló ti kí ni?”

“Ti ẹrù, sà. Ọ́fíìsì mi ló máa san án. Risíìtì nìkan ni mo fẹ́.”

Wọ́n wò mí bí ẹni tí ara rẹ̀ kò yá. Wọ́n tẹ́wọ́, wọ́n ṣàdúrà gígùn fún mi, wọ́n sì jókòó ti ìrẹsì. Àdúrà náà dára, ṣùgbọ́n n kò rò pé ọ́fíìsì yóò gbà á.

Mo yíjú sí Àǹtí. “Ẹ jẹ́ kí n máa san owó ilé, mà. Kì í ṣe owó mi. Ọ́fíìsì mi ló ń sanwó ilé ìgbà díẹ̀.”

“Ilé ìgbà díẹ̀ wo?”

“Ibí yìí, mà.”

Wọ́n gbé ṣíbí sílẹ̀. “Èmi tí mo pọ̀n ẹ́, mo wá di láńléèdì ẹ. Ta ló sọ fún wọn pé ìgbà díẹ̀ lo wá?”

Mo ronú sí i. Èmi ni.

“Sọ fún ọ̀gá ẹ, bówó bá pọ̀ lọ́wọ́ wọn, kí wọ́n wá tún bọ́ìlà mi ṣe, ilé ti tutù jù.”

Mo lọ wò ó. Òfin náà kò mẹ́nu ba bọ́ìlà.

Nígbà tí mo rí yàrá ní Deptford, mo rọra pe ọkọ̀ akẹ́rù kan, kí n lè rí risíìtì kan ṣoṣo. Àǹtí pàdé awakọ̀ náà lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n ní kó máa lọ. Àlàájì ti ń bọ̀. Wọ́n fi ìkòkò méjì, kúbùsù àti àpò ìrẹsì kún ẹrù mi. Mo na kọ́kọ́rọ́ ilé sí wọn.

“Kí ni n ó fi ṣe? Tèmi wà lọ́wọ́ mi.”

Obìnrin tó ń bójú tó owó ní ọ́fíìsì bi mí pé ṣé owó tíkẹ́ẹ̀tì rélùwéè tí mo wọ̀ láti Leeds nìkan ni mo ná. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó bi mí ọjọ́ tí mo kúrò nílé ìgbà díẹ̀. Mo fọwọ́ kan kọ́kọ́rọ́ tó wà lápò mi, mo ní n kò lè fi ọwọ́ sọ̀yà pé mo ti kúrò.

Nígbà tí mo gba owó oṣù àkọ́kọ́, mo mú ọkùnrin kan lọ tún bọ́ìlà náà ṣe. Ọkàn mi kò balẹ̀. Mo rò pé wọn yóò lé wa. Àǹtí kò gbórí sókè lórí sófà.

“Ilé ẹ ni,” ni wọ́n wí. “Àbí ta lo fẹ́ kó tún un ṣe?”

Bí ọkùnrin náà ti ń palẹ̀ irinṣẹ́ rẹ̀ mọ́, ó bi mí bóyá mo fẹ́ risíìtì. Mo ní kó má yọ ara rẹ̀ lẹ́nu.